Ehoro Méjìlá Inú Àwo Funfun

Etí ehoro náà tún já. Ìgbà kẹrin nìyí. Ó bọ́ sórí tábìlì, ó yọ̀ tẹ̀ẹ́rẹ́, ó sì wọ abẹ́ àwo lọ bí olè tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ onílé.

"Yéè!" Fínnífínní ju ọ̀bẹ kékeré ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìwọ ehoro yìí, kí ni mo ṣe fún ẹ gan-an?"

Kì í ṣe ehoro inú igbó là ń sọ o. Ẹyin sísè ni. Ẹyin ni ara rẹ̀, kárọ́ọ̀tì tí a gé pẹlẹbẹ ni etí rẹ̀, èso àjàrà gbígbẹ tí a bù bíńtín ni ojú rẹ̀, wàràkàṣì tí a ká roboto ni ìrù rẹ̀. Méjìlá ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́, kí wọ́n jókòó yíká lórí kábééjì tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ bíi koríko nínú àwo funfun ńlá kan. Mẹ́ta péré ló tíì ní etí, etí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà sì ń mì bí eyín arúgbó.

Orúkọ tí àwọn òbí ọmọbìnrin yìí sọ ọ́ wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-ìwé, ibẹ̀ náà ló sì ń gbé. Fínnífínní ni gbogbo kíláàsì ń pè é, nítorí kò sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kàn tí kò ní nù, tí kò ní tò, tí kò ní dán. Bí o bá ṣí àpò ìwé rẹ̀, wàá rò pé ṣọ́ọ̀bù lo wọ̀. Kó tó di ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ti ń gé kárọ́ọ̀tì tí ègé kan kì í fi tóbi ju èkejì lọ.

Ọjọ́ ìparí sáà ni ọjọ́ náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìsinmi ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìse oúnjẹ máa ń fi oúnjẹ ṣe oríṣiríṣi ẹranko fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó wà ní òdìkejì ọgbà, kí àwọn ọmọ náà lè fi ẹ̀rín wọ ìsinmi. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá, àwo mẹ́wàá. Ẹni tó bá wù ú kó ṣe ìjàpá, ẹni tó bá wù ú kó ṣe ejò.

Ṣùgbọ́n ti ọdún yìí ní ohun kan nínú. Ọ̀gá tó ń ṣe kéèkì ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó wà ní òpin títì ń bọ̀ wá wò ó. Ẹni tí àwo rẹ̀ bá dára jù lọ yóò lo gbogbo ìsinmi náà lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ilé ìdáná òtẹ́ẹ̀lì, yóò sì kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ohun tí Fínnífínní fẹ́ láyé yìí tó tó o. Ó ti ń lá àlá rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Kò sì dá a fẹ́. Ìyá rẹ̀ ti ń fọ aṣọ tábìlì òtẹ́ẹ̀lì yẹn fún ọdún mẹ́sàn-án. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé, òun náà ló ń gbà jáde, kò sì tíì fojú kan inú ilé ìdáná wọn rí. Òórùn kéèkì nìkan ló máa ń wá kí i níbi tó ti ń fọṣọ. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí Fínnífínní ṣe ń wọ bàtà, ìyá rẹ̀ dúró tì í.

"Mo ti sọ fún gbogbo ará ibi iṣẹ́ o," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mo ní ọmọ mi ń bọ̀ wá gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé. Má jẹ̀ẹ́ kí ojú tì mí o."

"Ojú ò ní tì yín, Mọ́mì."

Nílé, ó ti ṣe ehoro náà lẹ́ẹ̀mẹta, kò sì sí èyí tí etí rẹ̀ já. Àmọ́ ẹyin tó lò nílé ti sùn mọ́jú nínú fíríìjì, ó ti tutù, ó ti le. Ti ilé-ìwé, àárọ̀ yìí ni wọ́n sè é, ìkánjú ni Fínnífínní sì fi bó o nígbà tó ṣì ń gbóná. Ẹyin gbígbóná kò ní okun. Bí o bá fi ọ̀bẹ la ojú rẹ̀ láti ki etí bọ̀ ọ́, ojú náà yóò fẹ̀, yóò fà ya, kò sì ní di nǹkan kan mú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ló ń ráyè fẹ̀sọ̀ mú nǹkan nígbà tí aago ń sáré?

Ní tábìlì tó kàn án, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gé kùkúḿbà ní ìrísí ẹja. Ọmọbìnrin yìí náà ní orúkọ àpèlé tirẹ̀: Kò-sí-wàhálà. Bí òjò bá ń ya wọlé, á ní kò sí wàhálà. Bó bá gba òdo nínú ìdánwò, bákan náà ni. Ẹja rẹ̀ dùbúlẹ̀ pẹlẹbẹ lórí àwo, ọkàn òun náà sì balẹ̀ pẹ̀sẹ̀ bíi ti ẹja náà.

"Ẹyin lò ń bá jà láti àárọ̀," ni Kò-sí-wàhálà wí.

"Etí ò dúró. Mo fẹ́ẹ̀ sunkún."

"Ṣebí igi ìtayín wà nínú àpótí yẹn. Dá a sí méjì, tẹ ìdajì kan bọ inú ẹyin, fi kárọ́ọ̀tì gún un lórí. Ó parí."

Fínnífínní yí ojú sí pátákó. Tíṣà wọn, obìnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ ga jù ú lọ, ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ òfin kan ṣoṣo síbẹ̀: OHUN TÍ A KÒ LÈ JẸ KÒ GBỌDỌ̀ WỌ INÚ ÀWO. Kò sì fi mọ sí kíkọ. Ó ti dúró níwájú wọn, ó ti nàka: "Ọmọ ọdún mẹ́ta kì í yọ egungun. Ohun tó bá ti wọ ẹnu rẹ̀, mímì ló ń mì ín. Kò sí igi, kò sí òwú, kò sí bébà, kò sí ìlẹ̀kẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́?" Gbogbo wọn sì pariwo pé àwọn gbọ́, ti Fínnífínní ló tilẹ̀ ròkè jù.

"Òfin tíṣà ńkọ́?" ló bi ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Kò sí wàhálà jàre! Ìdájọ́ nìkan lo fẹ́ fi gbà. Kí wọ́n tó gbé àwo lọ bá àwọn ọmọ, wàá ti yọ ọ́. Àbí èèyàn lo fẹ́ pa ni?"

Fínnífínní wo aago. Ó ku ogún ìṣẹ́jú. Ó wo àwọn ehoro mẹ́sàn-án tí orí wọn dán borokoto láìsí etí. Ó rántí ìyá rẹ̀ níbi tó dúró sí láàárọ̀. Ó ní nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Màá yọ ọ́." Gbólóhùn kékeré yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bá a rìn dé ibi tí wọn ò fẹ́ dé.

Ó na ọwọ́ sí àpótí.

Ká ní ẹlòmíràn ni, ibẹ̀ ni ọ̀ràn náà ì bá mọ. Ṣùgbọ́n Fínnífínní kò lè ṣe nǹkan lábọ̀. Nígbà tó fi etí àkọ́kọ́ gún igi, ó rí i pé ara igi náà funfun, ó sì ń yọjú díẹ̀ nídìí kárọ́ọ̀tì. Ìyẹn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó rẹ́ kárọ́ọ̀tì kan, ó fún omi rẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù, ó sì rẹ àwọn ìdajì igi ìtayín náà sínú rẹ̀ títí wọ́n fi mu àwọ̀ kárọ́ọ̀tì tán. Ìgbà yẹn ló wá fi wọ́n gún etí méjìméjì sórí ehoro méjèèjìlá. Mẹ́rìnlélógún. Ó sún mọ́ àwo, ó jìnnà sí i, kò rí igi kankan. Òun alára tó ki wọ́n bọ̀ ọ́ kò rí wọn. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní í pa òdù ọ̀yà, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Fínnífínní kì í ṣe àgbà. Inú rẹ̀ dùn ni.

Ọ̀gá Kéèkì dé. Gbogbo wọn ti rò pé ẹni tó ń ṣe kéèkì á sanra, á gbé ikùn síwájú. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni ọkùnrin náà, ó ga, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, kò sì sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo ejò tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tò. Ó wo òòrẹ̀ tí wọ́n fi búrẹ́dì ṣe, tí wọ́n fi sáàsì gé ẹ̀yìn rẹ̀ kó lè hu ẹ̀gún. Ó dúró pẹ́ díẹ̀ níwájú ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí ìjàpá búrẹ́dì rẹ̀ ti sán lẹ́yìn. Ó bi í léèrè ohun tó fi po ìyẹ̀fun rẹ̀, ọmọ náà dá a lóhùn, ó sì tẹ̀ síwájú.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Fínnífínní, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ehoro méjìlá jókòó sínú koríko. Gbogbo etí ló nà ṣánṣán. Àfi bí ẹni pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n, tí wọ́n sì ń fetí sílẹ̀.

"Há!" ni Ọ̀gá Kéèkì wí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó rẹ́rìn-ín nìyẹn. "Kí lo fi di wọ́n létí mú?"

Ìdáhùn méjì ló wà lẹ́nu Fínnífínní. Ọ̀kan gùn, ojú sì máa tì í tó bá sọ ọ́. Èkejì kúrú.

"Wàràkàṣì rírọ̀ ni, sà. Mo fi lẹ̀ ẹ́."

"Wàràkàṣì. Ó sì dúró báyìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Tíṣà wọn ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ọ̀gá náà. Kò-sí-wàhálà ń wo àjà. Ọ̀gá Kéèkì mú lẹ́tà kan jáde nínú àpò, lẹ́tà tí òtẹ́ẹ̀lì fi ń pe ẹni tó bá yege, ó sì fi lé Fínnífínní lọ́wọ́. "Ọwọ́ rẹ mọ́," ló wí. "Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, aago méje àárọ̀."

Kíláàsì pàtẹ́wọ́. Orí Fínnífínní wú. Ó ti rí ìyá rẹ̀ lójú ọkàn, ó ti gbọ́ bí yóò ṣe pariwo tó bá rí lẹ́tà náà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé pé nǹkan kan wà tó yẹ kó yọ.

Nígbà tó rántí, ó na ọwọ́ sí àwo. "Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe díẹ̀ ná, sà, kí n tó gbé e lọ."

"Kí lo tún fẹ́ tún ṣe lára rẹ̀? Má bà á jẹ́," ni Ọ̀gá Kéèkì dáhùn, ó sì gbé àwo náà fúnra rẹ̀. "Èyí, èmi ni màá gbé e fún wọn."

Ó ti já sí ọgbà. Àwọn yòókù gbé tiwọn, wọ́n tẹ̀ lé e.

"Kí ni mo máa ṣe báyìí?" ló sọ sí Kò-sí-wàhálà létí bí wọ́n ṣe ń kọjá nínú oòrùn.

"Dákẹ́ ni kó o dákẹ́. Wọ́n á tu ú dànù. Ọmọdé kì í jẹ igi."

Ọmọdé kì í jẹ igi. Fínnífínní rọ̀ mọ́ gbólóhùn yẹn láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, lẹ́tà sì ń rin lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí òógùn.

Yàrá àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi kéré, tábìlì wọn kò ga ju orúnkún àgbà lọ. Gbogbo wọn ti so aṣọ ìjẹun mọ́rùn. Bí wọ́n ṣe rí àwo funfun, ariwo ta: "Ehoro! Ehoro!" Ọ̀gá Kéèkì gbé e sórí tábìlì àárín, níbi tí ọmọ méjìlá jókòó sí. Obìnrin tó ń tọ́jú wọn fi ehoro kọ̀ọ̀kan lé ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ burú sí nìyí: etí ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ jẹ. Ta ni yóò rí irú etí yẹn tí kò ní kọ́kọ́ gé e jẹ? Ọmọkùnrin bọ̀ǹbọ̀ kan ti la ẹnu, ó ti ki etí kan bọ̀ ọ́ títí dé ìdí. Kò tu nǹkan kan dànù. Ó ń jẹ ẹ́ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Má jẹ ẹ́ o! Gbogbo yín, ẹ má jẹ ẹ́!"

Fínnífínní kò mọ̀ pé òun lòun pariwo àfìgbà tí yàrá dákẹ́ kẹ́kẹ́. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ọmọkùnrin náà, ó ti di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú.

"Kí ló dé?" ni Tíṣà bi í.

"Igi wà nínú rẹ̀, mà. Igi ìtayín. Nínú gbogbo etí." Ó kọjú sí Ọ̀gá Kéèkì. "Mo parọ́, sà. Kì í ṣe wàràkàṣì."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Fínnífínní kò tilẹ̀ tó ogún ìṣẹ́jú.

Obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ọmọ ti fi ìka ro ẹnu ọmọkùnrin náà. Ìdajì igi kan jáde láàárín èrìgì àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọmọ náà wo ẹ̀jẹ̀, ó wo Fínnífínní, ó sì bú sẹ́kún. Wọ́n ń gba ehoro lọ́wọ́ àwọn tó kù, bí wọ́n ṣe ń gbà á ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ké. Kò pẹ́ tí gbogbo yàrá fi di ẹkún, títí kan àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn.

Ọ̀gá Kéèkì na ọwọ́. Fínnífínní kò bi í léèrè ohun tó ń bèèrè. Ó fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.

"Ẹ kó gbogbo àwo kúrò nílẹ̀," ni ọ̀gá náà wí. "Gbogbo rẹ̀. N kò mọ èyí tí mo lè gbà gbọ́ mọ́."

"Tèmi ò ní igi nínú, sà!" ni ẹni tó ṣe òòrẹ̀ kígbe. "Búrẹ́dì lásán ni!"

"Ohun tí òun náà sọ fún mi nìyẹn, pé wàràkàṣì lásán ni. Ẹ fọ́ ọ, ká rí inú rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe fi ọwọ́ ara wọn fọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Òòrẹ̀ di òkèlè. Ejò túká. Ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ya ìjàpá rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kò sọ nǹkan kan. Àwọn tó kù sọ̀rọ̀. "Kí la ṣe fún ẹ?" ni ẹni tó ṣe ejò bi Fínnífínní. "Ṣé ìwọ nìkan lo fẹ́ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì ni?" Wọn kò rí igi kan nínú àwo kankan. Oúnjẹ wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹranko mọ́, wẹ́wẹ́ ni àwọn ọmọ ṣà jẹ, tí ẹlòmíràn ṣì ń fa ikun mú.

Tíṣà fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ta ló gbà ọ́ nímọ̀ràn yìí?"

Kò-sí-wàhálà dúró nídìí ògiri, ó di àwo ẹja rẹ̀ mú, ó ń wo ilẹ̀. Ẹja tirẹ̀ nìkan ni kò nílò kí wọ́n fọ́ ọ, nítorí pé pẹlẹbẹ ló wà, ojú ríran dé inú rẹ̀.

"Ọwọ́ mi ló ṣe é, mà," ni Fínnífínní dáhùn. Òtítọ́ sì ni.

Wọ́n kó àwọn ehoro sórí tábìlì kan, òun àti Ọ̀gá Kéèkì jókòó láti yọ igi. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀ ti gbá a létí. Igi tó rẹ sínú omi kárọ́ọ̀tì kò yàtọ̀ sí kárọ́ọ̀tì. Ojú kò rí i, àfi kí ìka wá a. Ohun tó gbé pamọ́ fún àwọn àgbà, ó ti gbé e pamọ́ fún ara rẹ̀ náà. Ó ń fi ìka tẹ gbogbo ègé, igi ń gún un lọ́wọ́, ó ń tò wọ́n sórí aṣọ ìnuwọ́ ní mẹ́wàá mẹ́wàá.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Ọ̀gá Kéèkì sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le. "Kí ló dé tí o kò jẹ́ kí wọ́n sùn?"

"Sà?"

"Àwọn ehoro. Ehoro tó bá ń sùn, etí rẹ̀ á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bọ́tà bíńtín á mú un dúró. Ǹ bá ti mú ọ, bí etí wọn tilẹ̀ dùbúlẹ̀. Ọwọ́ rẹ ni mo ń wò, kì í ṣe etí."

Fínnífínní kò lè gbójú sókè. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ sí i lọ́jọ́ náà, èyí ló dùn ún jù.

"Mélòó lo fi sí i?" ni ọ̀gá náà bi í.

"Mẹ́rìnlélógún, sà."

Wọ́n kà á. Mọ́kànlélógún ló wà lórí aṣọ ìnuwọ́, ọ̀kan jáde lẹ́nu ọmọkùnrin bọ̀ǹbọ̀. Wọ́n tún un kà. Wọ́n ka ẹyin: mọ́kànlá. Ehoro kan kò sí, àti igi méjì.

Ẹnì kan ti jẹ ẹ́ tán. Ẹnì kan nínú àwọn ọmọ yẹn ti gbé igi méjì mì.

"Ta ni kò dá ehoro rẹ̀ padà?" ni obìnrin tó ń tọ́jú wọn bi àwọn ọmọ náà. Àwọn méjìlá wo ara wọn. Ọ̀kan nàka sí èkejì, èkejì nàka sí ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta ní ajá ló gbé e. Kò sí ajá kankan nínú ọgbà náà. Ọ̀gá Kéèkì ti dìde, ó ń béèrè ibi tí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn jù wà.

Fínnífínní kúnlẹ̀. Ó fi orúnkún rìn láti orí àga kan dé èkejì. "Jọ̀wọ́, ya ẹnu, jẹ́ kí n wò ó. Ṣé ibì kankan ń dùn ẹ́? Ṣé o jẹ etí?" Ó bi ẹni àkọ́kọ́, ó bi ẹni kejì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹjọ, ó bá ọmọbìnrin kékeré kan tí eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán, tó fi ọwọ́ méjèèjì bo àpò aṣọ rẹ̀.

"Kí ló wà níbẹ̀ yẹn?"

Ọmọ náà mi orí. "Mi ò jẹ ẹ́."

"O ò jẹ ẹ́?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni." Ó bojú wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wọ́n ń fọ́ wọn. Mo fi í pamọ́."

Inú àpò náà ni ehoro kejìlá wà, ìrù rẹ̀ ti tẹ̀, ojú rẹ̀ kan ti bọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì nà. Omijé bọ́ lójú Fínnífínní níwájú gbogbo èèyàn, kò sì nù ún.

"Ẹ̀gún wà lára rẹ̀," ló sọ fún ọmọ náà. "Méjì. Ṣé kí n bá a yọ ọ́?"

Ọmọ náà rò ó. "Ṣé ó ń dùn ún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ bá a yọ ọ́, Àǹtí. Ẹ rọra o."

Ó rọra. Ọ̀kan jáde, èkejì jáde. Mẹ́rìnlélógún pé. Ọ̀gá Kéèkì jókòó padà, ó fọwọ́ nu iwájú orí, lẹ́yìn náà ló mú lẹ́tà inú àpò rẹ̀, ó sì gbé e fún ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Fínnífínní rí i. Ó mọ̀ pé nírọ̀lẹ́ yìí òun yóò dúró níwájú ìyá òun, òun yóò sì sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láìfi ọ̀kan pamọ́, ìyá òun yóò sì ní láti sọ ọ́ fún àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kò sí ohun tó lè yí ìyẹn padà.

Ẹnì kan fà á láṣọ. Ọmọbìnrin kékeré náà ni.

"Ebi ń pa mí."

"Ṣé o fẹ́ jẹ ọ̀rẹ́ rẹ ni?"

"Ẹ̀gún ti tán lára rẹ̀," ni ọmọ náà dáhùn. Ó la ẹnu rẹ̀ gbàgà, ó di ojú, ó sì ń dúró.

Fínnífínní wo ẹnu náà. Ọmọ yìí ti rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu ẹni tó jókòó nítòsí rẹ̀. Ó ti gbọ́ pé Fínnífínní ló ki igi bọ inú oúnjẹ. Síbẹ̀ ó la ẹnu, kò sì bèèrè nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni ohun tí Tíṣà kọ sára pátákó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Kì í ṣe nítorí ìdájọ́ ni wọ́n fi ṣe òfin náà. Nítorí irú ẹnu yìí ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, iṣẹ́ yòówù tí ẹ ì báà ṣe lọ́la, ẹnì kan ń bọ̀ tí yóò la ẹnu fún yín báyìí, tí yóò sì di ojú. Kò ní rí ohun tí ẹ fi pamọ́. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ohun tí ẹ kò lè sọ fún un síbẹ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó, bó sì ti wù kí ohun tí ẹ máa gbà nídìí rẹ̀ tóbi tó.

Ó fọ́ ẹyin náà sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó fi ìka tẹ ègé kọ̀ọ̀kan, ó tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ló mú èyí tó kéré jù, ó sì fi í sí ọmọ náà lẹ́nu. Ọmọ náà jẹ ẹ́, ó gbé e mì, ó sì tún la ẹnu.